Apache àti nginx lẹ́nu iṣẹ́ SVGZ: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ti lo méjèèjì

Àwọn máàpù tí mo ń fi Inkscape (ètò ìyàwòrán) yà fún ìkànnì mi máa ń tóbi, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán ni SVG, irú fáìlì àwòrán tí mo ń lò, ààlà ìlú kan ṣoṣo sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni gzip, ètò tó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù, máa ń fún pọ̀ dáadáa. Inkscape fúnra rẹ̀ lè fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí SVGZ, èyí tí kò ju SVG tí a ti fi gzip fún pọ̀ lọ. Mo ti gbé àwọn máàpù wọ̀nyí sórí Apache, mo sì ti gbé wọn sórí nginx (sọ́fítíwià sáfà ni méjèèjì, tó ń fi fáìlì ìkànnì ránṣẹ́ sí òǹkàwé), ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín méjèèjì kò kéré.

Hẹ́dà méjì, ìyẹn ìlà àlàyé tí sáfà ń fi ránṣẹ́ ṣáájú fáìlì, ni gbogbo ọ̀ràn náà dá lé. Sáfà gbọ́dọ̀ sọ pé Content-Type jẹ́ image/svg+xml, kí ó sì tún sọ pé Content-Encoding jẹ́ gzip. Bí èkejì bá sọnù, aṣàwákiri yóò máa ka báìtì tí a ti fún pọ̀ bí ẹni pé XML, èdè tí a fi ń kọ SVG, ni. Báìtì méjì tí gbogbo fáìlì gzip fi ń bẹ̀rẹ̀ ni 1f 8b, kò sì sí XML tó ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn, nítorí náà ìlà kìn-ín-ní gan-an ni yóò ti kọsẹ̀. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé, bí àwòrán náà bá wà nínú àmì img, òǹkàwé kò ní rí àlàyé kankan, àfi àmì àwòrán tó bàjẹ́. Ẹ ṣí àdírẹ́sì àwòrán náà ní tààrà, Firefox yóò sì kọ «XML Parsing Error» síwájú yín. Tàbí kí ẹ lo àṣẹ curl -I láti wo hẹ́dà méjèèjì.

Apache ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìlà méjì péré ni ó ń béèrè:

AddType image/svg+xml .svg .svgz
AddEncoding gzip .svgz

A lè kọ wọ́n sínú .htaccess (fáìlì ètò Apache fún fódà kan) nínú fódà tí àwòrán wà, bí ẹni tó ni sáfà bá ti fi AllowOverride FileInfo sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó ń yá àyè lórí sáfà ẹlòmíràn, tí kò ní àṣẹ root (àṣẹ alábòójútó sáfà), lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣe é fúnra rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mo ka èyí sí ọ̀wọ̀ ńlá fún ẹni tó ń lo sọ́fítíwià.

Ní ti nginx, fáìlì mime.types tó ń bá a wá mọ svgz, ó sì ń pè é ní image/svg+xml, ṣùgbọ́n kò fi Content-Encoding kún un. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, aṣàwákiri kò sì lè sọ ọ́ di odidi. A ní láti kọ location (abala ètò fún irú àdírẹ́sì kan) fún .svgz, kí a fi add_header Content-Encoding gzip sínú rẹ̀, kí a sì pa gzip níbẹ̀ kí sáfà má baà tún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: bí add_header bá ti wà nínú location, àwọn èyí tí a kọ sókè ní abala server kò ní dé ibẹ̀ mọ́, títí kan àwọn hẹ́dà ààbò, àfi bí a bá tún wọn kọ.

Nítorí náà, lórí nginx, èmi kì í lo SVGZ mọ́. Mo ń fi máàpù.svg àti máàpù.svg.gz sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì tan gzip_static. nginx yóò fi èyí tí a fún pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá lè tú u, pẹ̀lú hẹ́dà tó pé, yóò sì fi SVG gangan fún ẹlòmíràn; SVGZ kò ní irú ìrònú bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fi nginx -V wò ó bóyá http_gzip_static_module wà nínú ẹ̀dà tiyín.

Àwòrán kéékèèké kò nílò wàhálà yìí rárá. Máàpù ńlá lórí sáfà kékeré ni èrè rẹ̀ wà, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó fún un pọ̀, pẹ̀lú gzip -9, dípò kí sáfà máa ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Lẹ́yìn àtúnṣe, hẹ́dà àtijọ́ lè ṣì wà nínú káàṣì (ẹ̀dà tí a fi pamọ́) aṣàwákiri tàbí ti CDN (àwọn sáfà tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sí itòsí òǹkàwé), tí yóò fi dà bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹ pa káàṣì rẹ́ níbi méjèèjì kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ètò sáfà.