Slab roller fún sítúdíò kékeré: onípákó ni àbí onínọ́ọ̀tì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ amọ̀ n'Ífẹ̀ níbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra slab roller, ẹ̀rọ onírólà tó ń tẹ amọ̀ di pẹlẹbẹ, ẹ má tíì bèèrè bó ṣe fẹ̀ tó tàbí bó ṣe wúwo tó, ẹni tó ń tà á á sọ ìyẹn fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni nǹkan tó ń pinnu bí amọ̀ ṣe máa nípọn tó, torí ibẹ̀ lowó ti ń bá omi lọ.

Onípákó, rólà tiẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ máa tò sábẹ́ kánfáàsì tẹ́ ẹ gbé amọ̀ lé, ẹ fẹ́ kí amọ̀ fẹ́lẹ́, ẹ fi pákó kan kún un, ẹ fẹ́ kó nípọn, ẹ yọ ọ̀kan. Bí Brent tí iléeṣẹ́ AMACO ń ṣe l'Amẹ́ríkà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Onínọ́ọ̀tì ní tiẹ̀, rólà òkè ló ń lọ sókè sódò, nọ́ọ̀tì kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹ̀yin lẹ máa yí i títí méjèèjì á fi ṣe déédéé. Àwọn tó wọ́n nínú wọn máa ń so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn dáa, àmọ́ èyí tówó wa sábà máa ń ká, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nọ́ọ̀tì ẹ̀ máa ń wà.

Onínọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ lò, ojú mi sì rí nǹkan. Ẹ máa tò ó dáadáa láàárọ̀, ọ̀tún á bá òsì mu, tó bá fi máa dọ̀sán nọ́ọ̀tì kan á ti rọra tú díẹ̀ torí gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún amọ̀ lápá òsì, mílímítà 6, ẹ gún un lápá ọ̀tún, 8. Nígbà tó ṣì tutù kò sójú tó lè rí i. Ìgbà tó bá ń gbẹ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, apá tó fẹ́lẹ́ á kọ́kọ́ gbẹ, á sún kì, èyí tó nípọn ṣì rọ̀, tóun náà bá wá ń sún kì á máa fa èkejì, etí àwo á ká sókè tàbí kó sán. Àwọn míì ò ní fi hàn títí wọ́n á fi jáde nínú kílìn. Guest house kan ní kí n ṣe àwo pẹlẹbẹ fáwọn, nígbà tí mo tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́yìn iná kejì, tí mo bá tẹ etí kan, etí kejì á gbéra, kò, kò, kò. Amọ̀ ti lọ, gíléèsì ti lọ, gáàsì ti lọ, mo sì dá owó oníbàárà padà. Ẹni tó tà á fún mi ní mi ò jẹ́ kí amọ̀ gbẹ dáadáa ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń ká nínú gbogbo wọn?

Onípákó ni mò ń lò báyìí. Pákó kì í tú. Hádbọ́ọ̀dù táwọn kápẹ́ńtà fi ń dí ẹ̀yìn wọ́dúróòbù náà ni, mílímítà 3 ló sábà máa ń jẹ́, tómi bá ti mú kó wú létí, ẹ gé òmíì. Ó máa ń fi àkókò ṣòfò díẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ti orí fẹ́lẹ́ bọ́ sórí nínípọn ṣáá, ìyẹn ni mo rí sọ sí i. Onírólà méjì tí méjèèjì jọ ń yí, irú Bailey DRD, á gba ọ̀nà yẹn yá ju tèmi lọ, kánfáàsì ẹ̀ kì í sì í sábà ká jọ, ẹ ṣáà rántí pé dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, owó ọkọ̀ òkun àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì ń bẹ níwájú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà ibí ṣe é fún yín, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi páìpù fẹ́lẹ́ ṣe rólà, torí á máa tẹ̀ láàárín, àárín amọ̀ á wá nípọn ju etí lọ. Kó jẹ́ páìpù tí ara ẹ̀ nípọn, kó kọ́kọ́ jó ọ̀pá àárín mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni kí tọ́nà fi lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń họ ọ́, họ ọ́ kó lè gún, torí iná tí wọ́n fi jó o ló máa ń wọ́ ọ. Ẹ ní kó ṣe é ní onípákó.

Iná NEPA ò kan èyí tó bá jẹ́ ọwọ́ la fi ń yí i. Tí àyè yín bá tóóró, ẹ wá èyí tó ń jókòó sórí tábìlì. Tó bá kan sípíà páàtì, bẹ́ríǹ ò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì.

Tó bá jẹ́ àwo díẹ̀ lẹ̀ ń ṣe lọ́sẹ̀, igi táwọn tó ń ṣe chin-chin fi ń na fláwà pẹ̀lú ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì tó dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀ ti tó, ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú onípákó. Ẹni tó ní dọ́là tó sì ń yí nínípọn padà lójoojúmọ́, onírólà méjì ọlọ́wọ́ kan lè tọ́ sí i. Ẹni tó ń ṣe àwo, kọ́ọ̀pù àti táìlì bíi tèmi, onípákó ni kó rà.

Èyí yòówù kẹ́ ẹ fẹ́, ẹ gbé amọ̀ tiyín dání kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ̀ tó láti etí dé etí, ẹ gún un nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láàárín, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á.