Ìkìlọ̀ tí kò fọ̀nà hanni: ohun tí ojú mi rí lórí array fọ́múlà

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún Alhaja kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá lọ́jà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Ìwé ńlá eléèpo líle la fi ń kọ ọjà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bẹ Alhaja títí wọ́n fi gbà kí n kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà, bí ìṣirò bá ti dàrú, ojú mi ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń wò.

Mi ò ní dárúkọ ìwé ìṣirò tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Ẹ̀yà àtijọ́ ni, ó sì dáa fún àwọn iṣẹ́ kéékèèké. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àtúnṣe array fọ́múlà, ìyẹn fọ́múlà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì (àwọn àpótí kéékèèké tí a ń kọ nǹkan sí) lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Òpó C ni iye ègé aṣọ tó kù, òpó D ni owó ègé kan, láti ìlà 2 dé ìlà 61, torí ọgọ́ta irú aṣọ la ní nígbà yẹn. Mo sàmì sí E2 títí dé E61, mo kọ =C2:C61*D2:D61, ìyẹn iye ègé lọ́nà owó ègé kan, mo di Ctrl àti Shift mú, mo wá tẹ Enter. Ó fi àmì {} ká fọ́múlà náà mọ́, gbogbo ìlà ọgọ́ta sì kún lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó tiẹ̀ ní ààbò nínú, torí kò sẹ́ni tó lè ṣèèṣì pa fọ́múlà ìlà kan rẹ́. Àṣé ààbò yẹn náà ló máa wá dè mí lọ́wọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, tí wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ ọjà, léèsì tuntun dé. Mo fẹ́ fi í sáàárín àwọn léèsì yòókù, ní ìlà 20. Mo ní kó fi ìlà kan kún un, ó kọ̀. Ìkìlọ̀ kan yọ, ohun tó sọ kò ju pé mi ò lè yí apá kan nínú array padà lọ. Mo tẹ OK. Mo tẹ E20 lẹ́ẹ̀mejì kí n lè tún fọ́múlà rẹ̀ kọ níbẹ̀. Mo tẹ Enter, ìkìlọ̀ yẹn tún yọ. Mo tẹ OK, mo fi máòsì tẹ ibòmíràn lórí ìwé náà, ó tún yọ. Mo kàn há sínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn. Alhaja ti dé ẹnu ọ̀nà, alárù sì ti sọ ẹrù kalẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ò tíì kọ ọ́ tán ni?"

"Ó kù díẹ̀, Alhaja. Ẹ má bínú."

Esc ló ń yọni níbẹ̀, bọ́tìnì tó wà lókè lápá òsì pátápátá. Ìkìlọ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tó sì dùn mí nìyẹn, torí ẹ̀rọ yìí mọ̀ dájú pé E2 ni array náà ti bẹ̀rẹ̀, pé E61 ló parí sí. Kí ló dé tí kò sọ ọ́? Kí ló dé tí kò bi mí bóyá kó bá mi sàmì sí gbogbo ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé tí èèyàn bá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn, tó tẹ Ctrl pẹ̀lú /, yóò mú gbogbo array náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn lèèyàn á wá pa á rẹ́, á fi ìlà kún un, á sì tún fọ́múlà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, torí léèsì kan!

Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì sàn, torí ó pariwo. Èyí tí kò pariwo ló bà mí lẹ́rù.

Àpapọ̀ owó ọjà wà ní G5: =SUM(C2:C61*D2:D61), array lòun náà. Nígbà tí ọjà tuntun wọlé, mo wọ inú rẹ̀ kí n lè sọ 61 di 62. Mo gbàgbé Ctrl àti Shift, Enter nìkan ni mo tẹ̀. Àmì {} yẹn kúrò láìsọ nǹkan kan, àpapọ̀ wá di 490,000 náírà. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ.

Alhaja ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n tún un kà. "Akọ̀wé, níbo ni ọjà mi lọ?" Kí n tó lanu, wọ́n ti yíjú sí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń bá wa tajà. Àwọn ọmọ náà ò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé àǹkárá tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó sì dìde dúró.

Ó tó wákàtí kan kí n tó rí ìdí ẹ̀. Torí pé G5 wà ní ìlà 5, tí fọ́múlà kò sì jẹ́ array mọ́, ìlà 5 nìkan ló wò: léèsì aláwọ̀ ewé, ègé 14, 35,000 náírà ègé kan. Ká ní mo gbé àpapọ̀ náà sí G70 ni, tí kò sí ọjà kankan ní ìlà yẹn, #VALUE!, ìyẹn àmì àṣìṣe, ni ì bá kọ, ǹ bá sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Alhaja pe àwọn ọmọ náà, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Èmi náà bẹ̀ wọ́n.

Mo ti gbìyànjú àwọn mìíràn látìgbà náà, lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣómólú. Nínú Google Sheets, ìwé ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Google, ọ̀rọ̀ náà ARRAYFORMULA ló máa ń hàn gbangba nínú fọ́múlà, bí èèyàn bá tẹ Enter nìkan lẹ́yìn àtúnṣe, kò ní sá lọ. Bí nǹkan kan bá sì dí i lọ́nà, á dárúkọ sẹ́ẹ̀lì náà gan-an. Lọ́dún 2018, Microsoft kéde irú array tuntun fún Excel, ìwé ìṣirò tiwọn: Enter nìkan ti tó, inú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan lèèyàn ti ń ṣàtúnṣe, ìyókù á tẹ̀ lé e. Bí àyè ò bá sí, á kọ #SPILL!. Ìtura gidi ni. Àmọ́ bí ẹ bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá sórí ẹ̀yà àtijọ́ bíi tiwa, ó ti padà di {} nìyẹn.

Alhaja ò tíì ṣe tán láti ra òmíràn. Nítorí náà mo ti yọ array kúrò ní òpó E, ìlà kọ̀ọ̀kan ti ní fọ́múlà tirẹ̀. Àpapọ̀ ti kúrò ní G5, ó ti wà ní G70, =SUMPRODUCT(C2:C62,D2:D62) ni mo sì kọ síbẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di púpọ̀ tó sì ń rò ó pọ̀, kò nílò ju Enter lọ. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀yà àtijọ́ bíi tèmi, kó kọ ti ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ọjà tuntun tó tún dé.