Crankshaft tí wọ́n lọ̀ fún mi, àti iye tí ẹ́ńjìnnì Corvair gbà lọ́wọ́ mi

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àpótí náà dé láti ilé iṣẹ́ tí mo ní kí wọ́n bá mi lọ crankshaft, irin tó ń yí láàárín ẹ́ńjìnnì. Mo nu òróró ara crankshaft, mo fi èékánná tẹ̀lé ibi tí ọrùn rẹ̀ ti pàdé èjìká. Èékánná mi há. Ó yẹ kí ibẹ̀ tẹ̀ bí inú igbá, àmọ́ igun ni mo bá, ó mú bí igun àpótí. Ara mi gbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín kan bàálù mọ ìdí rẹ̀. Nínú Corvair, mọ́tò Chevrolet àtijọ́ tí a ń gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú bàálù, irin yìí kì í rí wàhálà. Ẹ so propeller, abẹ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo ìgbà tí bàálù bá yí imú ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún, ibi igun ni yóò sì ti sán. Ó ti kán mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lójú òfuurufú rí. Ohun tó jẹ́ ká máa fi bẹ́árìnnì karùn-ún, ibùjókòó tí irin náà ń yí nínú rẹ̀, kún mẹ́rin tí Chevrolet ṣe sí i nìyẹn.

Mo pe ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní mọ́tò kankan ò tíì dá iṣẹ́ àwọn padà rí. Mo ní, "Bàálù ni, kì í ṣe mọ́tò!" Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi mẹ́fà ránṣẹ́, mo gbé géèjì sí igun kọ̀ọ̀kan kó lè hàn. Ọjọ́ 9, kò sí èsì. Mo tún pè, ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin ni mo ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú 19, ni fóònù bá já. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá tó ń lo ẹ̀rọ ìlọ̀ náà pè mí fúnra wọn. Wọn ò wá àwáwí kankan. Wọ́n ní òkúta onígun làwọn fi lọ̀ ọ́, torí ìwé tó dọ́wọ́ àwọn ò sọ pé bàálù ni. Mo sì ti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù gàdàgbà! Orí tábìlì ọmọkùnrin yẹn ló kú sí. Bàbá tún un lọ̀, wọ́n dá a padà sínú ààrò gáàsì amóníà tó ń mú ojú irin le, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n gbogbo igun sórí páálí pélébé kan, wọ́n so ó mọ́ ọn. Èékánná mi yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ irin ti tín-ín-rín sí i, bẹ́árìnnì tí mo ti rà ò bá a mu mọ́: dọ́là 190 wọgbó. Owó ìfiránṣẹ́, 124. Kò sẹ́ni tó dá a padà fún mi.

Dọ́là 350 ni mo ra òkú ẹ́ńjìnnì náà. Kó tó dún, láìka propeller, ó ti di 10,640. Àwọn tó ń pariwo 5,000 kì í ka kábúrétọ̀, ẹ̀rọ iná, sáléńsà àti férémù tó gbé e dúró mọ́ ọn. Síbẹ̀, Rotax 912 tuntun, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dìídì ṣe fún bàálù, ju 20,000 lọ.

A tanná sí i lóṣù tó kọjá. Ó ké fún 40 ìṣẹ́jú, agbára òróró ò wálẹ̀ rárá. Omi bọ́ lójú mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé iṣẹ́ náà. Crankshaft mi tó kàn, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé e lọ, bàbá yẹn ni màá sì fi lé lọ́wọ́.