Kúlà pẹlẹbẹ tàbí kúlà olómi: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà sínú kéèsì kékeré

Méjèèjì ni mo ti fi owó ara mi rà. Kúlà olómi, èyí tí rédíétọ̀ rẹ̀ (irin tí fáànù ń fẹ́ sí kí omi inú rẹ̀ lè tutù) gba fáànù mílímítà 120 méjì, ni mo kọ́kọ́ fi sínú kéèsì mi. Kúlà pẹlẹbẹ, èyí tí kò ju irin àti fáànù kan ṣoṣo lọ, ni ó wà nínú kéèsì kan náà lónìí. (Kúlà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a ń kó ìrẹsì sí lóde àríyá o, ohun tó ń gbé ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni.) Ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà mini-ITX (èyí tí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tí a ń to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí, jẹ́ irú kékeré), tí kò sì tíì mọ̀ bóyá omi ni kí òun lò tàbí afẹ́fẹ́, ni mo kọ èyí fún, kí ó lè kà á kí ó tó kó owó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa iná aláràbarà tàbí iye ìgbà tí fáànù ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé gbogbo ìyẹn wà lẹ́yìn páálí. Ohun tí ẹ̀yìn páálí kì í sọ ni ó náni lówó.

Ìwọ̀n

Nínú kéèsì ńlá, kúlà tó bá wu èèyàn ni ó lè rà. Nínú kéèsì kékeré, mílímítà ló ń pàṣẹ. Kéèsì DAN A4-SFX, tí gbogbo inú rẹ̀ kò ju lítà 7.2 lọ, kò gba kúlà tó ga ju mílímítà 48. Lian Li A4-H2O jẹ́ lítà 11, ó gba kúlà tó ga tó 55, ó sì fi àyè rédíétọ̀ 240 sílẹ̀ lókè. Fractal Terra, tó jáde ní ọdún 2023, ní ògiri kan láàárín tí a lè sún: bí ẹ bá sún un kí káàdì àwòrán lè nípọn tó 72, kúlà yín kò gbọdọ̀ ga ju 48 lọ, bí ó bá sì jẹ́ pé kúlà tó ga tó 77 ni ẹ fẹ́, káàdì tí kò nípọn ju 43 lọ ni ẹ óò wá kiri. Ẹ ro ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, 120 ni wọ́n ń jẹ́. Ohun tí ẹ bá bù fún ọ̀kan, lára èkejì ni ẹ ti yọ ọ́.

Ní ti kúlà pẹlẹbẹ, ìṣirò náà kò le. Ẹ wo gíga rẹ̀ pẹ̀lú fáànù lórí, ẹ fi wé iye tí kéèsì gbà, ó parí. Noctua NH-L9a ga ní mílímítà 37, Thermalright AXP90-X47 ga ní 47, NH-L9x65 ga ní 65, NH-L12S ga ní 70. NH-L9x65 kò fẹ̀ ju mílímítà 95 lọ ní ìbú àti ní òró, NH-L9a jẹ́ 114 sí 92, wọn kì í yọ sórí ráàmù (pátákó ìrántí tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ prósẹ́sọ̀), nítorí náà ráàmù gíga tàbí kúkúrú kò kàn wọ́n.

Ní ti kúlà olómi, ohun márùn-ún ni ẹ gbọdọ̀ wọ̀n, ibẹ̀ sì ni mo ti fi owó jóná. Ẹni tó ta tèmi fún mi wò mí lójú, ó ní: “Ọ̀gá mi, kéèsì yín gba 240, 240 nìyí, kí ló tún kù?” Èmi náà kò rí ohun tó kù. N kò mọ̀ pé 240 kì í ṣe gígùn rédíétọ̀ rárá. Fáànù 120 méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn ni 240. Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ ní àyè omi ní orí àti ní ìdí, nítorí náà gígùn rẹ̀ sábà máa ń kọjá 270. Tèmi jẹ́ 277. Ó wọlé, àmọ́ orí rẹ̀ níbi tí rọ́bà méjèèjì tí omi ń gbà ti yọ jáde fara ti ìdí wáyà iná, mo sì ní láti tú gbogbo wáyà náà kí n tó rí i dè mọ́lẹ̀.

Ìnípọn ló tẹ̀ lé e. Nínú kéèsì mi, ẹ̀gbẹ́ ni rédíétọ̀ ń dúró sí, tí ó kọjú sí mọ́dábọ́ọ̀dù, àyè tó sì wà láti ojú mọ́dábọ́ọ̀dù dé ilẹ̀kùn jẹ́ mílímítà 95. Rédíétọ̀ jẹ́ 27, fáànù jẹ́ 25, àpapọ̀ wọn jẹ́ 52. Ráàmù lásán kò ga ju nǹkan bí 31 lọ, ṣùgbọ́n èmi ti lọ ra èyí tí wọ́n dé adé aláwọ̀ mèremère lé lórí. Nígbà tí mo tì í bọ ojú ihò rẹ̀ tí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 47. Ẹ ro 52 mọ́ 47: 99 ni, inú 95 ni ẹ sì fẹ́ kó o sí. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kéèsì mi fi kọ̀ tí kò padé, tí ó ku mílímítà 4 péré, bí ilẹ̀kùn àpótí aṣọ tí aṣọ ti kún jù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi lò ó ní ṣíṣí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, mo bá ọmọńlé kan tó na gbalaja sórí mọ́dábọ́ọ̀dù níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá ya ilé òun.

Mo tún lọ ra fáànù tín-ín-rín méjì tí ìnípọn wọn kò ju 15 lọ. Owó kejì nìyẹn. Ilẹ̀kùn padé, ọ̀rọ̀ rọ́bà sì dé. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ kan rọ́bà kúlà olómi lè máa rò pé ó rọ̀ bíi rọ́bà tí àwọn èèyàn fi ń fa epo sínú jẹnẹrétọ̀. Kò rọ̀. Wọ́n fi òwú hun ara rẹ̀ yíká, ó le, ó sì lágídí: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, yóò ta padà sọ́hùn-ún, bí ẹ bá sì fi agbára ká a jù, yóò wọ inú ara rẹ̀ níbi tí ẹ ti ká a, omi kò sì ní ráyè kọjá bó ṣe yẹ. Ó nílò àyè láti yí díẹ̀díẹ̀, irú àyè bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú kéèsì tí èèyàn lè gbé há abíyá. Mo fi okùn tín-ín-rín so tèmi mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ tà-tà-tà-tà. Rọ́bà ti ta sílẹ̀, ó ń kan abẹ̀bẹ̀ fáànù ìsàlẹ̀. Ibi tó ń kàn náà ti funfun kí n tó rí i pa.

Mo dá kúlà náà padà fún ẹni tó tà á, ó ní mo ti lò ó, pé òun kò gba ọjà tí wọ́n ti fi ìpara yí ní ìdí (ìpara tí a ń fi sáàárín kúlà àti prósẹ́sọ̀). Kò parọ́. Mo tà á fún ọ̀rẹ́ mi kan tí kéèsì rẹ̀ tóbi bíi fìríìjì, ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí mo rà á, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́ dáadáa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, ẹni tí omi bá wù, kí ó kọ́kọ́ mú páálí, kí ó gé e ní gígùn, ìbú àti ìnípọn rédíétọ̀ pẹ̀lú fáànù gan-an, kí ó sì gbé e sínú kéèsì nígbà tí ráàmù, wáyà àti káàdì àwòrán ti wà níbẹ̀. Kí ó wo ìhà tí rọ́bà yóò gbà jáde. Kí ó wọn gíga pọ́ńpù tó ń jókòó sórí prósẹ́sọ̀ pẹ̀lú ibi tí rọ́bà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, nítorí pé òun náà ní láti wà lábẹ́ fáànù. Bí páálí kò bá wọlé, irin kò ní wọlé.

Ooru

Níbí, omi ló borí, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Nínú yàrá mi ní Ìbàdàn, ní ọ̀sán oṣù kẹta tí tẹmómítà ara ògiri ń sọ pé 33, mo fi iṣẹ́ líle sára Ryzen 5 7600 kan náà fún ìdajì wákàtí lábẹ́ kúlà méjèèjì. Pẹ̀lú omi, ó dúró sí dígírì 74. Pẹ̀lú NH-L9x65, kúlà pẹlẹbẹ mi, ó gun 86. Ìyàtọ̀ náà kò kéré lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé 95 ni ibi tí prósẹ́sọ̀ yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù, àti pé kò sí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ilé ṣe iṣẹ́ líle ìdajì wákàtí ní gbogbo ọjọ́.

Ẹ kíyè sí 33 yẹn náà. Kò sí kúlà kankan nínú méjèèjì tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Orí ìwọ̀n ooru yàrá ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń dán kúlà wò nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń ṣe é nínú yàrá tó wà ní nǹkan bíi dígírì 21. Bí ẹ bá ka iye tí wọ́n kọ, ẹ fi 10 tàbí 12 lé e kí ẹ tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́dọ̀ yín, àyàfi bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yín tí iná sì wà.

Ohun kan wà tó mú kí 86 yẹn bọ́ sí 82 láìná kọ́bọ̀. Fáànù kúlà pẹlẹbẹ máa ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kéèsì padà bí àlàfo bá wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn oníhò. Mo gé fóòmù tí wọ́n fi di mọ́dábọ́ọ̀dù wá, mo ṣe é bí férémù àwòrán, mo fi dí àlàfo tó wà níbẹ̀ yíká, tí ó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ìta nìkan ni fáànù ń rí fà. Noctua ń ta irú rẹ̀ fún àwọn kúlà NH-L9, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àti sùúrù tó.

Ẹni tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n pè ní ti wáàtì 105, bíi Ryzen 7 7700X, lè wọ BIOS (ojú ètò tí a ń wọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn bọ̀) kí ó fi í sí Eco Mode 65, tó ń dín iná tó ń gbà kù. Nípa bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ iná tó lè gbà bí iṣẹ́ bá le yóò bọ́ láti wáàtì 142 sí 88, ohun tó sì máa pàdánù nínú ìyára kò tó ohun tí ojú máa rí. Ẹni tó ń lo ínfátà yóò tún dúpẹ́ fún èyí.

Àwọn yòókù

Ariwo: fáànù kúlà pẹlẹbẹ kéré, ó sì máa ń hu bí iṣẹ́ bá le, pọ́ńpù kúlà olómi kì í sinmi rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Eruku: ọyẹ́ kò mọ olówó. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbọn méjèèjì, kí ẹ di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ.

Bíbàjẹ́: bí fáànù kúlà pẹlẹbẹ bá kú, fáànù nìkan ni ẹ óò rà. Bí pọ́ńpù bá kú, gbogbo rẹ̀ ló kú. Omi inú rẹ̀ tún máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ gba ara rọ́bà bí ọdún ti ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ojú tí a lè gbà bu omi kún un.

Títò: ẹ má jẹ́ kí pọ́ńpù wà níbi tó ga jù, nítorí pé òkè ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń sá sí. Ní ti kúlà pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù ni síkúrù òmíràn ti ń wọlé, nítorí náà ẹ dè é kí ẹ tó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sínú kéèsì.

Owó: tèmi olómi jẹ́ ìlọ́po méjì pẹlẹbẹ, kí a tó ka fáànù tín-ín-rín mọ́ ọn.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí prósẹ́sọ̀ yín bá jẹ́ ti wáàtì 170, bíi Ryzen 9 7950X tó lè gba tó 230, tí iṣẹ́ fídíò sì ń bẹ lórí rẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́, tí kéèsì yín sì jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún rédíétọ̀, kúlà olómi ló tọ́ sí yín, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Kí páálí ṣáájú rẹ̀ wọlé ni. Ẹni tí kò bá tíì ra kéèsì, tí lítà 18 kò sì pọ̀ jù lójú rẹ̀, lè wo Cooler Master NR200, tó gba kúlà ìdúró (irin àti fáànù bíi ti pẹlẹbẹ, àmọ́ tó nàró) tó ga tó mílímítà 155. Ìyẹn yóò mú prósẹ́sọ̀ líle tutù láìsí omi níbẹ̀. Ẹni tó ń fi géèmù ṣeré, tó ń kọ ìwé, tó ń ṣe àtúnṣe fídíò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kéèsì rẹ̀ kò sì ju lítà 15 lọ, n kò rí ohun tó ń wá lọ sídìí rọ́bà.

Fóòmù tí mo gé ṣì wà nínú tèmi. Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo yọ ọ́, mo gbọn eruku rẹ̀ sí ìta, mo sì dá a padà: síkúrù mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn sì padé.