Yìnyín àbí màṣíìnì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú awọ àti ẹran ara kí wọ́n tó rán an mọ́ ẹlòmíì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í ti í bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ awọ nìkan lẹ fẹ́ máa tọ́jú, awọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi abẹ bó lára olóògbé kí wọ́n lè fi bo egbò iná, ẹ má ra màṣíìnì kankan o, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi pọ́ǹpù ti omi tàbí ẹ̀jẹ̀ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n gé. Awọ tó fẹ́lẹ́ báyẹn ò ní òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi débi tẹ́ ẹ máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ojú egbò tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí náà ló ti máa fa oúnjẹ mu. Fìríìjì tó dúró sójú kan ní 4°C, pẹ̀lú omi tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, máa gbé e fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nitrogen olómi wà, ìyẹn tutù dé -196°C, glycerol, omi kan tó ki, náà sì wà. Glycerol 85% ni Euro Skin Bank ní Netherlands fi tọ́jú awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nínú irú awọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń bo egbò dáadáa títí dọ́kítà á fi rí awọ aláìsàn fúnra ẹ̀ lò. Nílé wa níbi tí iná kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù ti ń jó tọmọdé tàgbà, awọ tí wọ́n máa fi bò ó gan-an ló wọ́n, kì í ṣe pọ́ǹpù, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra nǹkan fún wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó, fìríìjì tó dáa, ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú awọ sí, àti àwọn èèyàn tó máa bá ẹbí olóògbé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ìgbà tí màṣíìnì bá wá di ọ̀rọ̀

Ó di ọ̀rọ̀ níbi tí awọ bá ti bá ẹran ara, eegun àti náàfù wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí òpó ẹ̀jẹ̀ kan sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ọwọ́ ni, apá ni, ojú èèyàn ni, tàbí ègé awọ pẹ̀lú ẹran tí wọ́n gé níbì kan lọ dí ihò níbòmíì. Irú ẹ̀ ni Jean-Michel Dubernard àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Lyon nílẹ̀ Faransé ní 1998, tí wọ́n rán ọwọ́ olóògbé mọ́ alààyè, ní 2005 wọ́n tún ṣe apá kan ojú fún obìnrin kan tí ajá ti bu ojú ẹ̀ jẹ, ní Amiens.

Nínú gbogbo ohun tó para pọ̀ di apá, ẹran ara ni kò ní sùúrù. Ẹran tí mò ń wí ni èyí tó máa ń ki pọ̀pọ̀ tẹ́ ẹ bá ká apá kò. Awọ lè fara dà á díẹ̀, eegun náà lè fara dà á, ṣùgbọ́n ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́, tó sì gbóná bí ara ṣe ń gbóná, wákàtí 4 sí 6 ti tó kó bàjẹ́ débi tí kò ní ṣeé tún ṣe. Wọ́n bá wá rán an mọ́ aláìsàn báyẹn, wọ́n ṣí ẹ̀jẹ̀ sí i, gbogbo pọ̀tásíọ̀mù àti àsíìdì àti ìdọ̀tí ẹran tó ti kú yẹn á ya wọ inú ara ẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ́tò awọ tó ń dán ta ọjà fún yín, ẹran ara ni kẹ́ ẹ béèrè.

Kúlà àti yìnyín

Èyí ni wọ́n ń lò níbi púpọ̀ títí di òní. Wọ́n á fi omi pàtàkì tí wọ́n ṣe fún títọ́jú ẹ̀yà ara, èyí tí wọ́n ń pè ní UW tàbí HTK ló wọ́pọ̀, fọ ẹ̀jẹ̀ inú òpó kúrò, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, ọ̀rá nínú ọ̀rá, kí yìnyín má bàa kan ẹran lójúkojú, ó di inú kúlà. Ní 4°C, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe á lọ sílẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò wọ́n, kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í, ọkọ̀ èyíkéyìí ló lè gbé e. Àléébù ẹ̀ ni pé òtútù ò dá ìbàjẹ́ dúró, ńṣe ló kàn ń fà á sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó lè yọjú wo inú kúlà kó sọ pé ẹran yìí ṣì wà láàyè. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rán an tán lẹ máa tó mọ̀, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ kúlà. Àmọ́ tí ọsibítù olóògbé àti ti aláìsàn bá wà nílùú kan náà, tí àwọn dọ́kítà yín sì yára, kúlà tó.

Màṣíìnì tútù

Èyí ní pọ́ǹpù tó ń ti omi tútù tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ láìdúró. LifePort tí wọ́n fi ń gbé kíndìnrín kiri ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì mọ̀. Lọ́dọ̀ kíndìnrín náà ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wà, ìwádìí kan láti ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2009, olóògbé 336, wọ́n gbé kíndìnrín ẹnì kọ̀ọ̀kan ọ̀kan sórí yìnyín, ọ̀kan sórí màṣíìnì. Nínú ti yìnyín, 26.5% ló pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára aláìsàn, nínú ti màṣíìnì 20.8% ni. Ìfiwéra tó mọ́ nìyẹn, ẹni kan náà, ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kíndìnrín nìyẹn o, apá kọ́.

Wíwú ni ìṣòro apá. Omi ń jò kúrò nínú òpó wọ inú ẹran, ẹran apá sì wà nínú àpò tó fún un pinpin bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n di ewé ẹ̀ le jù, tó bá wú, ara ẹ̀ náà ló máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pa. Torí ẹ̀, pọ́ǹpù tó lè ti omi jẹ́jẹ́ ló dáa, tó sì ń fi agbára tó fi ń tì í hàn yín. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú màṣíìnì tútù ni pé tí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà, ó ti di kúlà nìyẹn, ẹran ṣì wà nínú òtútù, ẹ ṣì ráàyè.

Àárín tútù àti gbígbóná náà wà, bí 21°C, tí wọn ò nílò ẹ̀jẹ̀ torí ọ́síjìn tó pò mọ́ omi ti tó ẹran jẹ. Wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ ní Massachusetts General Hospital ní Boston, pẹ̀lú ẹsẹ̀ eku. Láàbù ló ṣì wà fún.

Màṣíìnì gbígbóná

Èyí ló wù mí jù, òun náà ló ń dẹ́rù bà mí jù lápò. Ẹ̀jẹ̀ tàbí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lò, pẹ̀lú ohun tó ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń mú un gbóná, àti pọ́ǹpù. Èrò yìí ti pẹ́, Charles Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú yẹn, bá Alexis Carrel ṣe pọ́ǹpù tó ń bọ́ ẹ̀yà ara ní New York ní 1935. Ní University of Michigan, wọ́n fi apá tí wọ́n gbà lára olóògbé 5 sórí irú màṣíìnì yìí fún wákàtí 24, iṣẹ́ náà jáde ní 2017, nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ẹran náà títí dé ìparí, ó ṣì ń fà. Ẹ rí i pé ìyẹn kọjá wákàtí 4 sí 6 tá a wí lẹ́ẹ̀kan. Kúlà ò lè fi irú ẹ̀ hàn yín láé. Lórí màṣíìnì gbígbóná, ẹ máa tẹ awọ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń pọ́n padà, ẹ máa wọn láktéètì, ìyẹn àsíìdì tó máa ń pọ̀ tí ọ́síjìn ò bá tó ẹran, ẹ máa fi iná kan ẹran, tí kò bá dáa ẹ ò ní rán an mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbọ́ owó ẹ̀ báyìí. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítòsí, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò ní sùn mọ́jú, ó fẹ́ oògùn tó ń pa kòkòrò torí ibi tó gbóná tó sì lọ́rinrin ni kòkòrò ti ń gbádùn. Wíwú náà ò kúrò níbẹ̀. Bí iná bá lọ, kò padà di kúlà, wákàtí mẹ́rin tá à ń sọ náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e wọlé, ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbà á lójú ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà.

Bébà tí wọ́n bá gbé wá

Ibí yìí ni owó ń gbà ṣòfò. Ìwé àṣẹ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, máa ń dárúkọ ẹ̀yà ara. OrganOx metra, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fún un. TransMedics OCS, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ẹ̀dọ̀. LifePort, kíndìnrín. Ẹni tó bá sọ pé "ó máa ṣe apá náà, nǹkan kan náà ni", ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n ti kọ apá hàn yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi màṣíìnì bọ́ apá, fúnra wọn ni wọ́n to ẹ̀rọ wọn jọ láti ara ohun tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Tó bá jẹ́ láàbù lẹ ń rà fún, ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn, mo máa ra pọ́ǹpù lọ́tọ̀, ohun tó ń fi ọ́síjìn sí i lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè iye rọ́bà àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù, torí ìyẹn lẹ máa máa rà títí.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ra ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́wọ́ alápatà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi sórí màṣíìnì ẹ̀ fún wákàtí 12 lójú yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí òṣùwọ̀n kó tó wọlé, ẹ tún gbé e sórí ẹ̀ nígbà tó bá jáde, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.