PERC H330, H730P àti HBA330: èwo ló yẹ server yín?

Bí ẹ bá fẹ́ ra Dell PowerEdge R730 tòkunbọ̀, ẹ má béèrè RAM àti processor nìkan. Ẹ béèrè káàdì tí àwọn disk so mọ́. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, ìyẹn PERC H330, PERC H730P àti HBA330, ọ̀rọ̀ wọn sì ju owó lọ. Níbi tí iná ọba ti ń lọ láìdágbére, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: bí iná bá lọ báyìí, ibo ni dátà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wà?

H330 kò ní cache, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré tó yára lórí káàdì. Ohun tí ẹ bá ní kó kọ gbọ́dọ̀ dé orí disk kó tó jẹ́ yín lóhùn. Ọkàn ẹni balẹ̀ síi, àmọ́ ó ń falẹ̀. Ó gba RAID (ọ̀nà tí a fi ń so disk púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan) 0, 1, 5, 10 àti 50. Kò gba RAID 6. Fún disk méjì tí ẹ fi RAID 1 so pọ̀ láti gbé Windows tàbí Linux, ó tó. Ẹ má fi ṣe RAID 5 fún database o. Lórí RAID 5, àtúnṣe kékeré kan di iṣẹ́ mẹ́rin: á ka dátà àtijọ́, á ka parity àtijọ́ (ìṣirò tí a fi ń dá dátà disk tó kú padà), á wá kọ tuntun méjèèjì. Kò sì sí cache tí yóò bá a gbé ẹrù náà.

H730P ní cache 2 GB. Ó ń gba ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀, ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn náà ló ń kó o sórí disk. Ìyẹn ni write-back. Bí iná bá lọ láàárín méjì, bátìrì ara káàdì ni yóò gbé e ró títí yóò fi kó ohun inú cache sínú flash. Ó dé inú flash tán, kò nílò iná mọ́.

Bátìrì yìí gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí bátìrì server tòkunbọ̀ lè ti gbó. Tó bá kú, káàdì á fúnra rẹ̀ padà sí write-through, ìyẹn kíkọ sórí disk kó tó dáhùn bíi ti H330, gbogbo nǹkan á wá máa wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bo èyí mọ́lẹ̀ lè yí i sí Force Write Back (kó máa ṣe write-back bí bátìrì tilẹ̀ kú), kó lè máa sáré lójú oníbàárà. Ẹ ṣí iDRAC (ibi tí a ti ń ṣàkóso server Dell), ẹ lọ sí Storage, kí ẹ wo ipò bátìrì àti write policy (ọ̀nà tó ń gbà kọ dátà) ti virtual disk kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn disk tí RAID so pọ̀ bí ẹyọ kan. Bátìrì tó kú pẹ̀lú Force Write Back túmọ̀ sí pé dátà yín wà nínú ewu lójoojúmọ́. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Inverter kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí okùn iná lè yọ, power supply sì lè jó.

Ti RAID ńkọ́? Disk 4 TB mẹ́fà yóò fún yín ní 20 TB lórí RAID 5, 16 TB lórí RAID 6, 12 TB lórí RAID 10. Èmi ò ní fi disk ńlá ṣe RAID 5: bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ìyókù ni yóò kà láti tún un kọ́, bí òmíràn bá sì kú kó tó parí, ó tán nìyẹn. RAID 6 gba ikú méjì. RAID 10 ló dára jù fún database, àmọ́ disk méjì tó jẹ́ ìkejì ara wọn kò gbọdọ̀ kú pọ̀.

HBA330 kì í ṣe RAID rárá. Ó kàn ń fi disk lé Linux tàbí FreeBSD lọ́wọ́. ZFS, ètò tí ń tọ́jú dátà sórí disk tó sì lè so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, ló bá a mu jù. ZFS ń yẹ dátà wò nígbà tó bá ń kà á, ó sì ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe láti ara ẹ̀dà tó kù, ohun tí H330 àti H730P kì í ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ka dátà. Bí server kú, ẹ lè kó disk náà lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ZFS fẹ́ RAM púpọ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, ẹ ra H730P pẹ̀lú bátìrì tuntun.