Training ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní Ṣágámù: ẹ lọ o, àmọ́ ẹ má tìtorí sátífíkéètì lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka fisio (physiotherapy) tẹ́ ẹ ti ń da inbox mi láàmú nípa training ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí mo lọ ní Ṣágámù, ó yá, ọ̀rọ̀ rèé. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é torí mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá wọn rò. Àmọ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ wa, owó mi ò ṣègbé rárá.

Àárọ̀ la ti bọ́ sí kọ́rídọ̀, wọ́n wọn mítà 30 sílẹ̀, wọ́n gbé kóònù sí ìkángun méjèèjì, màmá kan á máa rìn ín lọ rìn ín bọ̀ fún ìṣẹ́jú 6, ká lè mọ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe lágbára tó. Gaàrí ni màmá yìí ń yan láti ìgbà ọmọge, wọn ò fẹnu kan sìgá rí, èéfín igi ló ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ní àǹtí nídìí agbada gaàrí ẹ mọ ikọ́ tí mò ń sọ. Bọ̀dá kan láàárín wa bá ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń pariwo "Màmá, ẹ yára díẹ̀ sí i!" Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa pè é padà kíá, wọ́n ní ìrìn ti bọ̀dá ni màmá máa rìn yẹn, kì í ṣe ti ara wọn. Nígbà tí màmá fara ti ògiri tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnì kan fẹ́ dá aago dúró, ẹ̀gbọ́n ní rárá o, ìsinmi náà wà nínú ìṣẹ́jú 6 yẹn. Wọ́n wá kọ́ màmá kí wọ́n fi imú mí wọlé, kí wọ́n ṣu ẹnu jọ, kí wọ́n rọra fẹ́ ẹ jáde. Màmá ní "Ṣebí bí mo ṣe ń fẹ́ná náà nìyẹn!" A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tá a ní kí wọ́n fi máàkì láti 0 dé 10 sọ bí mímí ṣe nira fún wọn tó, wọ́n ní ká kọ èyí tó bá wù wá 😂

Ẹjọ́ mi rèé. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá kan dìde, ó ní sátífíkéètì yìí ti sọ wá di spẹ́ṣálísìtì, pé ìlú òyìnbó ti yá. Irọ́ ni jàre! Láíṣẹ́nsì fisio, MRTB, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ fisio, ló ń fún èèyàn ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì sì ní HCPC, àjọ tiwọn tó ń forúkọ àwọn fisio sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ di Physics, Chemistry àti Biology mú fún JAMB, ẹ wọ yunifásítì bí Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó, ẹ ṣe intánṣìpù ọdún kan lẹ́yìn dìgírì, ẹ tó máa wá sọ̀rọ̀ másítà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Oúnjẹ ọ̀sán, jọ́lọ́fù tútù, nílẹ̀ Rẹ́mọ tó yẹ ká ti rí ìkọ́kọrẹ́, ó burú gan-an. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń há ìka wo ọ́síjìn, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa pín lò, tẹ́ ẹ bá ní tiyín ẹ mú un dání.